Èkó, Ẹnu Ọ̀nà Ìbọn

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, etí la fi ń mọ ìbọn. Tó bá ti di oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ kéékèèké bá ń yin nọ́kàòtù kiri, ẹ lọ jókòó ti Alhaja kan tó ń ta èèlò ọbẹ̀ létí títì lẹ́yìn Ìdúmàgbò. Gbòà! Alhaja ò gbójú sókè. Gbòà, gbòà! Ó ń ka owó rẹ̀ lọ. Ṣàdédé ni òmíràn á dún, tí yóò gbẹ bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ létí ẹni. Kí ẹ tó mọ̀, Alhaja ti kó tòmátì alágolo wọlé, ó ti di ìlẹ̀kùn irin mú. "Èyí kì í ṣe nọ́kàòtù o. Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Alhaja, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n?" Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. "Ìwọ náà ò ṣe mọ̀ ọ́n? Ṣé kì í ṣe ibí ni wọ́n bí ẹ sí ni?"

Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́. Ilé bàbá ìyá mi kò ju ojúlé mẹ́rin lọ sí ìsọ̀ Alhaja. Kò sí àjà nínú yàrá tí èmi àti àbúrò mi ń sùn, páànù lásán ni. Lóru ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin kan gbéná wojú ara wọn lórí ẹni tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù ládùúgbò. A ò mọ̀ wọ́n, àwọn náà ò mọ̀ wá. Ọta ìbọn kan gba orí páànù wọlé, ó dá fóòmù tí a ń sùn lé lu, ó sì há sára pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ti jáde lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà yẹn, òun ló jẹ́ kó wà láàyè dòní. Ìyá mi fi ọ̀bẹ yọ ọta náà, ó jù ú sínú agolo mílíìkì tó ń kó bọ́tìnnì sí. Nígbà Iléyá tó kọjá tí mo délé, ó ṣì wà níbẹ̀ láàárín àwọn bọ́tìnnì.

Agolo yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ lọ́dún 2024 pé Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko, tó ń ṣojú Àríwá Dẹ́ltà, fẹ́ kí wọ́n tún òfin ìbọn ṣe, kí ọmọ Nàìjíríà tó bá yanjú lè ní ìbọn láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kò ní kí wọ́n máa pín ìbọn bí ẹni pín sààrà. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá pé orí òun pé, kí àwọn èèyàn ńlá sì dúró fún un, títí kan ọba ìlú, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò. Àsìkò tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé tún le gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún yẹn ni àwọn agbébọn pa ọba méjì l'Ékìtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Kí ó tó dìgbà náà, a ti rí ìkọlù àwọn agbébọn ní Ìgàngàn ní oṣù Kẹfà 2021, a ti rí ti ìjọ àwọn Àgùdà ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022. Bí wọ́n bá ń pa ọba lójú pópó, kí ni tálákà yóò sọ?

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ìbéèrè yẹn kò ní ìtumọ̀. Àgbẹ̀ tó wà lóko ní Ìgàngàn, tí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn jù jìnnà ju ìrìn wákàtí kan lọ, bí ó bá ní òun fẹ́ ìbọn, èmi kọ́ ni n ó bá a jà. Ohun tó ń sọ kò ṣòro: olè ní ìbọn, èmi kò ní. Àwọn àgbà náà ti wí i pé, bí ìbọn lápátí, bí kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ní oṣù Kẹfà 2022 kan náà, Bello Matawalle tó jẹ́ gómìnà Sàmfárà nígbà náà ní kí àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn, kí wọ́n pín fọ́ọ̀mù 500 fún ẹ̀mírétì kọ̀ọ̀kan. Lucky Irabor, ọ̀gá àgbà àwọn ológun nígbà náà, fèsì pé gómìnà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó tó ti dolóògbé báyìí, wo fídíò àwọn ẹ̀ṣọ́ Kàtsínà tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn ńlá, tó sì béèrè pé kí ló dé tí ti Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Yorùbá, fi yàtọ̀. Èsì gidi kò jáde títí Akérédolú fi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023.

Bí àríyànjiyàn yìí bá ti dé ibùdókọ̀ tàbí ilé ìfárí, ẹnì kan á sáà mẹ́nu ba Amẹ́ríkà. "Ṣebí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù." Òótọ́ ni. Láti ọdún 1791 ni wọ́n ti kọ ẹ̀tọ́ àtigbé ohun ìjà sínú ìwé òfin wọn, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù sì sọ ní 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ìwé òfin tiwa ti 1999 kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 33 gbà pé èèyàn lè lo agbára tó mọ níwọ̀n láti gba ara rẹ̀ tàbí dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníwà ipá, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà sì tún kọ "ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù" sórí ìlà kejì nínú ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nítorí náà, ilé aṣòfin Èkó tó wà l'Álàúsá lè ṣòfin lórí kèké, lórí ìdọ̀tí, lórí ilé yíyá, ṣùgbọ́n kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo lórí ìbọn tó ń dún ní Ẹnu Ọ̀wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2016 kò gbé ìbọn.

Òfin tó ń darí ìbọn lónìí dàgbà ju òmìnira lọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1959 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ipele mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ti ìsàlẹ̀ ni ìbọn ṣakabùlà, èyí tí ọdẹ ń fi ẹ̀tù kì lẹ́nu. Ti àárín ni ìbọn ìdọdẹ ti òyìnbó, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè fún èèyàn níwèé àṣẹ rẹ̀. Ti òkè ni èyí tí òfin kà léèwọ̀: ìbọn ológun, ẹ̀rọ ìbọn, bọ́ǹbù, àti, ẹ gbọ́ o, gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé ìbọn ìléwọ́. Èyí ni pé bí ọkùnrin kan ní Òkè Pópó bá fẹ́ tọ́jú ìbọn kékeré sábẹ́ ìrọ̀rí, àfi kó bá Ààrẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ó kéré jù. Òfin náà tún sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí èèyàn bá ka òfin yìí ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yóò rò pé Nàìjíríà kò ní ìbọn rárá.

Níbo ni wọ́n ti rí ìpele yìí? Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìn ìtàn Èkó ni ká wò.

Kò sí ìlú Yorùbá tí ìbọn ṣe bíi ti Èkó. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà wá láti yọ Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n ní nítorí òwò ẹrú. Àwọn ará Èkó fi ìbọn àti àgbá lé wọn padà. Inú Gẹ̀ẹ́sì kò dùn. Lẹ́yìn Kérésìmesì wọ́n tún dé, Bloodhound àti Teazer wà lára ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fi àgbá bo ìlú mọ́lẹ̀. Iná gba ilé ní apá tó pọ̀ nínú ìlú, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Ọba àná, Akíntóyè, gorí ìtẹ́ padà, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1852. Ogun Àgídíngbì ni àwọn baba wa ń pè é, ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù Kẹjọ 1861 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sójú omi, ó kọ ẹnu àgbá sí ìlú. Ọba Dòsùnmú wo ẹnu àgbá náà, ó fọwọ́ sí ìwé, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìbọn tí kò yìn tó sì ṣiṣẹ́, èyí náà nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni Èkó ti di ẹnu ọ̀nà tí ìbọn ń gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà ogun Kíríjì, tí wọ́n tún fi ìró ìbọn sọ lórúkọ, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò l'Ékòó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn tí wọ́n ń bá jà mú dání. Ẹni tó ti lo ṣakabùlà rí mọ ohun tí mò ń sọ: kí o tó wọn ẹ̀tù, kí o tó fi ọ̀pá kì í, kí o tó gbé e sójú, èkejì rẹ ti yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè ṣe lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n fẹnu kò pé wọn kò ní í ta ìbọn tó péye ní apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, àfi ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ àti ẹ̀tù lásán. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbọn Maxim, wọ́n sì fi í ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n.

Ẹ wá padà gbé òfin 1959 wò. Ṣakabùlà fún ará oko, ìbọn ìdọdẹ fún ẹni tí ìjọba mọ̀, èyí tó kù dọwọ́ ìjọba nìkan. Ṣé kò jọ ti Brussels lójú yín? Kì í ṣe ẹ̀mí ará ìlú ni òfin náà kọ́kọ́ ń ṣọ́, àga ìjọba ni. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ya ara wa ni ohun tó kàn.

Nítorí pé a ti gbìyànjú òfin líle rí, a sì ti rí òpin rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn ológun fọ́n ká ìgboro, ìdigunjalè sì gbòde. Ìjọba ológun gbé òfin jáde ní 1970 pé ikú ni èrè adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach, wọ́n yìnbọn pa wọ́n lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Àwọn àgbà ládùúgbò wa ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ rìn gba Ọbalẹ́ndé lọ wò ó, àwọn ọmọ ilé ìwé náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀pà náà wà níbẹ̀. Ìdigunjalè kò dúró. Wọ́n pa wọ́n títí ó fi di nǹkan ìwòran, ìbọn sì ń pọ̀ sí i.

Ó ń pọ̀ sí i nítorí pé ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ẹ dúró sí Màrínà, ẹ wo òdìkejì omi: àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń gbé kọ̀ǹténà ní Apápá ni ẹ ń wò yẹn. Ní oṣù Kẹwàá 2010, kọ̀ǹténà 13 ni wọ́n ṣí níbẹ̀, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun ìjà ogun láti Ìráànì wà nínú wọn, wọ́n fi ẹrù ìkọ́lé bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìráànì kan, Azim Aghajani, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5 lórí rẹ̀ ní 2013. Ìyẹn tilẹ̀ jìnnà sí wa, ogun ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé e lọ. Èyí tó sún mọ́ wa ni ti 2017. Ní oṣù Kìíní, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá kọ̀ǹténà kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2, ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, ìbọn pọ́ǹpù 661 ló wà lẹ́yìn. Kọ̀ǹténà náà ti jáde kúrò ní èbúté kí ọwọ́ tó bà á. Wọ́n mú òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún, 440. Ní oṣù Kẹsàn-án, 1,100, lẹ́yìn náà 470. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,671 lọ́dún kan ṣoṣo, débi pé ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà náà, Hameed Ali, ní láti bá aṣojú ìjọba Tọ́kì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bà nìyẹn.

Ta ló ń ra pọ́ǹpù 2,671? Kì í ṣe Alhaja. Kì í ṣe ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà Balógun lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Àwọn tó lówó láti san owó kọ̀ǹténà ni, àwọn tó mọ ẹni tí yóò ṣí géètì. Gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀ pé ìbọn tó ń dún ládùúgbò nígbà ìdìbò, owó oṣù ọmọ tó ń yìn ín kò tó rà á. Ẹnì kan ló gbé e fún un, ẹni yẹn kì í sì í gbé ládùúgbò.

Àwọn tó fẹ́ kí a gba ìwé àṣẹ fún gbogbo èèyàn a máa sọ pé olè yóò bẹ̀rù bí ó bá mọ̀ pé onílé náà ní ìbọn. Bóyá lóko. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín Ìdúmọ̀tà sí Adéníjì Adélé. Bí èèyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èkejì tó kọjá. Ògiri kan náà ni ilé mẹ́ta ń pín. Bí aládùúgbò bá wúkọ́, a ó kí i pẹ̀lẹ́ láti orí ibùsùn wa. Níbi pátákó àti páànù báyìí, onílé tó bá yìnbọn sólè, ọta rẹ̀ lè gba ara olè, ó lè gba ara ògiri, ó sì lè ba ọmọ ọlọ́mọ lórí fóòmù. Òfin tí àgbẹ̀ Ìgàngàn ń fẹ́ kọ́ ni òfin tó yẹ ibí, òfin kan ṣoṣo sì ni Àbújá ń kọ fún àwa méjèèjì. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó tóbi jù wà, kì í ṣe pé ìbọn pọ̀ jù tàbí kéré jù nínú òfin.

Ẹnìkan lè sọ pé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, wọ́n fòfin de ìbọn ìléwọ́ ní 1997, ìwọ̀nba ìbọn ló sì ń dún nílùú wọn. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Dàmilọ́lá Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí l'Ékòó, ìgò fífọ́ ló ṣekú pa á ní Peckham ní oṣù Kọkànlá 2000. Kí a má rò pé òfin ìbọn nìkan ni ẹ̀mí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ń yà mí lẹ́nu nípa Èkó yìí. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, bàtà kò gbọdọ̀ wọ agbo, sìgá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, obìnrin tó di ṣùkú yóò yáa tú u. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ irun obìnrin, síbẹ̀ wọ́n ń pa òfin náà mọ́. Ẹ̀yọ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń sá fún, ọ̀pámbàtà lásán ló mú dání. Àwa tí a lè pa òfin ṣùkú mọ́, a kò lè pa òfin ìbọn mọ́, nítorí pé ìlú ló ni òfin Ẹ̀yọ̀. Òfin ìbọn ti ẹni tó ní géètì ni.

Bí mo bá ní ohùn níbi ìjíròrò ilé aṣòfin, n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ìbọn kúrò lọ́wọ́ Àbújá nìkan, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè sọ ibi tí ìwé àṣẹ yóò dé àti ibi tí kò ní dé. Kí àgbẹ̀ lóko gba tirẹ̀, kí erékùṣù Èkó má gba rárá. Kí wọ́n sì máa ka orúkọ àwọn tó kó kọ̀ǹténà ìbọn wọlé síta ní ilé ẹjọ́, bí wọ́n ṣe ń ka ti ọmọ ìta tí wọ́n ká ìbọn kọ́tùsáìsì mọ́ lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ tuntun kò lè ṣe iṣẹ́ tí géètì Apápá kò ṣe.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ má jókòó sí Àbújá jíròrò rẹ̀ tán. Ẹ wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ kan, kí ẹ jókòó ti Alhaja lẹ́yìn Ìdúmàgbò. Ilé wa ni ojúlé kẹrin sí ìsọ̀ rẹ̀. Ihò náà ṣì wà lára páànù. Bí òjò bá ń rọ̀, báàfù la máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀.